Ẹ má tíì gbé àdá wọ ẹ̀yìnkùlé náà

Ìyá Àyọ̀ kọ̀wé sí mi láti Ilé-Ifẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ ra ilé àtijọ́ kan lọ́wọ́ àwọn ọmọ bàbá kan tó ti di olóògbé. Èkó ni àwọn ọmọ náà ń gbé, wọn ò sì mọ nǹkan kan nípa ilé ọ̀hún ju pé àwọn fẹ́ tà á. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ṣán igbó ẹ̀yìnkùlé, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kò kéré. Ó ní:

"Màmá, pèrègún mẹ́fà tò láàárín ọgbà, wọn ò sún mọ́ fẹ́ńsì rárá. Òpó sìmẹ́ńtì kúkurú kan wà ní igun, lẹ́tà àti nọ́ńbà wà lórí rẹ̀. Páànù àti pátákó bo ihò kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ ẹnu rẹ̀ yíká. Ìkòkò ńlá mẹ́ta wà lábẹ́ igi, wọ́n rì wọ́n mọ́lẹ̀ dé ọrùn, inú wọn dúdú. Igi kan tó ń yọ òdòdó yẹ́lò wà níwájú fèrèsé. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni ìgò bí ọgọ́rin tí wọ́n dojú wọn dé ilẹ̀, tí wọ́n fi yí ibì kan ká, kò tóbi ju ẹní méjì lọ, kò sì sí òdòdó kankan láàárín rẹ̀. Ọmọ mi fa ìgò kan yọ, ó walẹ̀ níbẹ̀, ó kan àpáàdì tí wọ́n tò lóòró bí ìpẹ́ ẹja. Pásítọ̀ wa ní kí a kó gbogbo rẹ̀ dànù, kí a fọ́ ìkòkò, kí a sun igi. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò sì fẹ́ ṣe àṣìṣe. Kí ni kí n ṣe?"

Ìyá Àyọ̀, ẹ kú ilé tuntun o. Ilé á tù yín lára, ẹ ó gbé e pẹ́. Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó gbé àdá, torí ẹni tó bá ti gé e tán ló máa ń kọ̀wé sí mi jù, ọ̀rọ̀ á sì ti bọ́ nígbà náà.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ọgbà. Nínú ẹ̀yìnkùlé tí àgbàlagbà gbé pẹ́, n kò tíì rí ohun kan tí wọ́n kàn gbé síbẹ̀ lásán. Ìwúlò rẹ̀ lè ti tán, ẹni tó mọ̀ ọ́n lè ti kú, ṣùgbọ́n nígbà kan rí, ẹnìkan làágùn lórí rẹ̀. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé nínú iṣẹ́ yìí, wọ́n gbé ọgbà ilé kan fún mi tún ṣe ní Ìbàdàn. Mo bá pèrègún mẹ́rin létí ọgbà náà, n kò bi ẹnikẹ́ni, mo ní kí wọ́n hú wọn, mo sì gbin koríko síbẹ̀. Kò pé oṣù kan tí aládùúgbò fi mọ ògiri kọjá ojú ibẹ̀. Ìdílé méjì tí wọ́n ti jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń mu láti ọjọ́ pípẹ́, wá di ẹni tí kì í kí ara wọn mọ́. Èmi ni mo hú ẹlẹ́rìí wọn. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí títí di òní, òun ló sì jẹ́ kí n máa fi sùúrù dá irú ìbéèrè yín lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú èyí tó lè pa ọmọ. Bí ewé igi olódòdó yẹ́lò yẹn bá gùn tóóró, tí òdòdó rẹ̀ rí bí agogo, tí oje funfun sì ń jáde bí ẹ bá já ewé rẹ̀, olómi-òjò ni. Ọ̀pọ̀ ilé ló gbìn ín láyé àtijọ́ nítorí ẹwà rẹ̀, àti nítorí pé ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Májèlé tó ń da lílù ọkàn rú wà ní gbogbo ara rẹ̀, inú kóró rẹ̀ ló sì ti le jù. Ní orílẹ̀-èdè Sri Lanka, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kóró igi yìí ti pa. Ẹ ti ní ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbélé, nítorí náà ẹ gé e. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣa gbogbo èso tó ti já sílẹ̀, ẹ wa ihò, kí ẹ sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ má sun ún, torí èéfín rẹ̀ kò dára láti fà símú. Ti igi yìí nìkan ni mo fi gbà pẹ̀lú pásítọ̀ yín, láìfi ti iná kún un.

Lẹ́yìn ìyẹn, ihò tí páànù bò. Ẹ sọ fún gbogbo ará ilé lónìí pé kí ẹnikẹ́ni má gun orí rẹ̀, torí pátákó tó ti wà lábẹ́ òjò fún ọ̀pọ̀ ọdún ti jẹrà láti inú. Kànga ni tàbí sókàwéè. Ẹ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kí ẹ wo etí sìmẹ́ńtì náà dáadáa. Bí ẹ bá rí ojú okùn lára rẹ̀, àwọn ìlà tóóró tóóró tó jinlẹ̀ tó ìka ọwọ́, tó sì ń dán, kànga ni. Okùn tí àwọn ọmọ ilé ń fà láràárọ̀ ló jẹ sìmẹ́ńtì bẹ́ẹ̀. Sókàwéè kì í ní irú rẹ̀, páìpù ni ẹ ó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí ọ̀nà omi tó ti ilé ìyàgbẹ́ wá.

Ohun yòówù kó jẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ lọ wò ó. Afẹ́fẹ́ inú kànga tí wọ́n ti dé fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń bàjẹ́, kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀, ẹni tó bá bọ́ sínú rẹ̀ lè dákú kó tó lè pariwo. Bí ẹnìkan bá ṣubú síbẹ̀, ẹni tó bá sáré tẹ̀ lé e pé òun fẹ́ yọ ọ́ ló máa ń di òkú kejì. Ẹ pe agbẹ́kànga tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bí omi rẹ̀ bá ṣì dára, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbá a, kí ẹ fi kọnkéré onírin dé e, kí ẹ sì fi ìdérí tí a lè tì há a lórí. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ mọ́, ilẹ̀ pupa tó mọ́ ni kí wọ́n fi dí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da pàǹtírí sí i, nítorí omi abẹ́ ilẹ̀ kan náà ni kànga aládùúgbò yín ń mu.

Òpó sìmẹ́ńtì onínọ́ńbà kò le rárá. Bíkìn ni, sọ̀fẹ́yọ̀ ló rì í síbẹ̀ nígbà tó wọn ilẹ̀, nọ́ńbà orí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n kó fún yín. Ẹ gbé ìwé náà jáde, kí ẹ fi wé e. Bí wọn ò bá bára mu, ẹ wá sọ̀fẹ́yọ̀ tó ní ìwé àṣẹ kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Òṣogbo. Ẹ má hú u, ẹ má sún un, ẹ má sì rẹ́ nọ́ńbà orí rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni lábẹ́ òfin ilẹ̀ wa kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ fa àmì ààlà tu láti fi rẹ́ ẹlòmíràn jẹ, ẹ kò sì ní fẹ́ máa ṣàlàyé fún adájọ́ pé òdòdó ni ẹ fẹ́ gbìn.

Pèrègún ni bíkìn àwọn bàbá wa. Kí sọ̀fẹ́yọ̀ tó dé, pèrègún, akòko àti ìyeyè ni a fi ń pààlà, torí pé bí a bá gé ẹ̀ka wọn tí a rì í mọ́lẹ̀, yóò hù. Ọ̀dá kì í tètè pa pèrègún. Bí iná bá jó o, ó tún ń rúwé láti ìdí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ògún ló wà lọ́kàn pásítọ̀ yín, òótọ́ sì ni pé pèrègún máa ń wà ní ojúbọ Ògún. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹ ti máa ń rí irin àti òkúta ní ìdí rẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń so màrìwò mọ́ ọn. Mẹ́fà tó tò tẹ̀ léra wọn la ọgbà já, ààlà ni. Ohun tí mo lérò ni pé ilẹ̀ méjì ni ilẹ̀ yín tẹ́lẹ̀: bàbá náà ra àkọ́kọ́, ó fi pèrègún pààlà, nígbà tó ní owó ó ra ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ààlà àtijọ́ wá di àárín ọgbà. Bíkìn tó wà ní igun, tó jìnnà sí wọn, bá ìrò yìí mu. Ṣùgbọ́n ìrò ni, ìwé yín ló máa fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí ìwé bá fi hàn pé ilẹ̀ yín kọjá pèrègún dáadáa, tí ìdílé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sì gbà bẹ́ẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí, ẹ lè gé wọn. Èmi ìbá fi wọ́n sílẹ̀. Òdòdó wọn a máa ta sánsán lóru, ó sì ṣòro láti rí igi mìíràn tí kò fẹ́ ìtọ́jú tó bẹ́ẹ̀.

Ó kan ìkòkò mẹ́ta. Níbí ni mo ti ń bẹ̀ yín, Ìyá Àyọ̀: ẹ má fọ́ wọn.

Ẹ mú àkísà funfun, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ omi, kí ẹ fi nu inú ìkòkò kan, lábẹ́ ọrùn rẹ̀ níbi tí òjò kì í kàn tààrà. Bí ohun tó bá mọ́ àkísà bá jẹ́ àwọ̀ búlúù tó ṣú, aláró ló ni ìkòkò yẹn. Ẹ wo ilẹ̀ àyíká wọn náà, bóyá ó jẹ́ eérú ju iyẹ̀pẹ̀ lọ. Ẹ wá àwókù ìkòkò tí wọ́n dá ihò kéékèèké sí ní ìdí. Kí ẹ sì wo ara fẹ́ńsì tàbí igi tó ṣíji bò wọ́n, bóyá ìtàkùn kan gun orí rẹ̀, tí ewé rẹ̀ tò ní méjì méjì lára ọ̀pá kan. Ẹ fi ìka méjì run ọ̀mùnú rẹ̀, kí ẹ dúró díẹ̀. Bí ó bá ṣú lọ́wọ́ yín, tí ó ń di dúdú bíi tàdáwà, ẹlú ni. Bí ìkòkò, eérú àti ẹlú bá pàdé lábẹ́ ibòji kan náà, kò tún sí àríyànjiyàn. Ìyá bàbá yẹn ni o, tàbí ìyàwó rẹ̀, obìnrin kan rẹ aṣọ nínú ọgbà yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí ẹ lè rí ẹni náà lójú inú yín. Wọ́n á gún ọ̀mùnú ẹlú nínú odó, wọ́n á pọn ọ́n ní róbótó, wọ́n á sá a gbẹ. Wọ́n á kó eérú sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, wọ́n á gbé e lé ẹnu ìkòkò mìíràn, wọ́n á da omi sí i. Ohun tó bá kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀ ni wọ́n á fi rẹ ẹlú, títí yóò fi hó ní ọjọ́ mélòó kan, tí òórùn rẹ̀ á gba gbogbo agbo ilé. Iṣẹ́ ojú àti imú ni. Aláró tó mọṣẹ́ kì í wo kàlẹ́ńdà, yóò tọ́ aró wò, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò mọ̀ pé ó ti tó. Ìgbà tí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde, àwọ̀ ewé ni yóò ní. Bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ sí i ni yóò máa di búlúù lójú yín. Mo rí i nígbà tí mo wà lọ́mọdé lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi, mo sì rò pé idán ni. Wọ́n á tún rì í bọ̀ ọ́, wọ́n á tún fà á jáde, ó di ìgbà tó bá ṣú tó bí wọ́n ṣe fẹ́.

N kò ní purọ́ fún yín pé kò sí ẹ̀sìn rárá nídìí iṣẹ́ aró. Àwọn aláró àtijọ́ ń bọ Ìyá Mapó, òun ni wọ́n gbà pé ó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, aró àti ìkòkò mímọ. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ ni ìkòkò aró fúnra rẹ̀, bí òfì ṣe jẹ́ irinṣẹ́ ahunṣọ. Bí ẹ bá bá owó ẹyọ, ẹfun, aṣọ funfun tàbí òkúta odò tó ń dán nínú wọn dípò aró, ọ̀rọ̀ di òmíràn. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe àwọn ọmọ bàbá náà ní Èkó, kí wọ́n wá ẹni tó yẹ nínú ẹbí wọn láti wá kó o pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ lè bá pásítọ̀ yín sọ ọ́ báyìí. Mo gbà pé ó fẹ́ràn yín, ààbò yín ló sì ń wá. Ẹ kàn mú àkísà tó ní aró lára lọ hàn án.

Mo ti wá dé ibi ìgò o. N kò fẹ́ parọ́, ọkàn mi sáré nígbà tí mo ka ìlà yẹn nínú lẹ́tà yín.

Ìgò tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ kì í ṣe àwámárìídìí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mú etí ọgbà òdòdó dúró ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọ nígbà tí mo ń dàgbà. Ẹni tí kò bá ní ìgò a to òkúta, a kùn ún ní ẹfun. Ohun tó dá tiyín yàtọ̀ ni pé kò sí òdòdó níbẹ̀. Ọgọ́rin ìgò, ẹ rò ó wò. Ènìyàn kó ọgọ́rin ìgò jọ, ó walẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n kí ìdí wọn bá ara wọn dọ́gba, kò sì gbin ohunkóhun síbẹ̀. Àpáàdì tí ọmọ yín kàn ló ṣàlàyé rẹ̀. Bàbá yẹn ti rí i ṣáájú yín. Ó mọ̀ pé ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kò yẹ kí ọkọ́ kàn, ó fi ìgò ṣọ́ ọ.

Ilé-Ifẹ̀ ni ẹ ń gbé. Lábẹ́ ìlú yín, ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ wà káàkiri. Wọ́n to àpáàdì lóòró, etí rẹ̀ sókè, ìlà kan tẹ̀ sí ọ̀tún, èkejì tẹ̀ sí òsì, bí egungun ẹja ṣe ń rí. Níbòmíràn wọ́n fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ là á láàárín. Àwọn tó ń fi ìwádìí walẹ̀ gbà pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ wá láti bíi ọdún 1000 sí 1400. Ìtàn ìlú yín ní Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba, ló ní kí wọ́n tẹ́ ẹ. Àgbàlá ilé ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi tí ẹnìkan ti ń dáná, tí ọmọ ti ń ṣeré, ni ọmọ tiyín fi ìka kàn lẹ́yìn ọdún tó lé ní ẹgbẹ̀ta.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí irú èyí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìnkùlé ní Ifẹ̀. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin, ni ọkọ́ wọn kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé wá mọ̀. Ọ̀kan wà ní British Museum ní London títí di òní. Ní 1957, ní Ìta Yemòó, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ́ ilẹ̀ fún ilé kíkọ́ ló tún kan ère idẹ. Ọ̀mọ̀wé Frank Willett walẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì bá ilẹ̀ alápáàdì. Nígbà méjèèjì, ẹni tó ń wá ilẹ̀ ilé ló ṣèèṣì bá a. N kò sọ pé idẹ wà lọ́dọ̀ yín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá walẹ̀ nítorí ìyẹn. Àpáàdì náà fúnra rẹ̀ ti tó. Bí wọ́n ṣe tò ó, ohun tó wà lórí rẹ̀ àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ìmọ̀ wà. Bí a bá hú u, ó di àwókù ìkòkò lásán, kò sí ẹni tó lè tún un tò.

Nítorí náà, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a, ẹ má sì fẹ̀ ẹ́ síi kí ẹ lè rí ibi tó dé. Ẹ gbé rúlà lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rí i sílẹ̀. Ẹ mú fọ́tò náà lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ìjọba tó wà ní Ẹnuwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, kí ẹ fi tó wọn létí. Abẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin 1979 dá sílẹ̀ fún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n wà. Ẹni tó bá fi owó lọ̀ yín, kí ẹ lé e jáde. Ẹ má gbin igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń jìn nítòsí ibẹ̀, ẹ má sì mọ nǹkan kan lé e lórí kí wọ́n tó wá wò ó.

Ìgbésẹ̀ kan ṣì kù tí n kò fẹ́ kí ẹ fò. Àwọn ọmọ tó wà ní Èkó kò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan á wà ládùúgbò yín tó mọ ilé yẹn kí wọ́n tó kùn ún ní ọ̀dà. Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ wá a, ẹ kúnlẹ̀ kí i, ẹ gbé àga fún un lábẹ́ igi níbi tí ìkòkò wà. Kí ẹ má kọ́kọ́ bi í pé kí ni nǹkan wọ̀nyí. Ẹ bi í pé ta ló ń jókòó níbí tẹ́lẹ̀. Yóò dárúkọ ẹnìkan fún yín, ìyókù á sì tẹ̀ lé e.

Kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ẹ da iyanrìn tó mọ́ padà sórí àpáàdì yẹn, kó nípọn tó ìbú ọwọ́ kan, kí òjò má baà gbá a lọ. Ìgò tí ọmọ yín fà yọ, ẹ wò ó bóyá ó ti sán. Bí kò bá tíì sán, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ rì í padà síbi tó ti yọ ọ́, kó dojú rẹ̀ délẹ̀ bí àwọn yòókù.